Wárápá lára Àwọn tí Làákàyè Wọn Kò Dàgbà Tó Ọjọ́ Orí Wọn

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀ràn wárápá lára àwọn ènìyàn tí làákàyè wọn kò dàgbà tó ọjọ́ orí wọn. Kò sí àgbègbè kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti mọ wárápá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ibi tí a kò ti rí ọmọ tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá ṣùgbọ́n tí ìṣesí rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ohun tí kò wọ́pọ̀ ni kí á bi ara wa léèrè ìdí tí méjèèjì fi máa ń pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí wọ́n bá pàdé. Nínú ilé púpọ̀, bí wárápá bá gbé ọmọ tí a ti ń pè ní dìndìnrìn tẹ́lẹ̀, a ó wulẹ̀ sọ pé, "Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ti gbà pé ohun kan náà ni wárápá àti àìpé làákàyè, àti pé nígbà tí ọ̀kan kò ti ní oògùn, èkejì náà kò lè ní.

Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àìpé làákàyè kì í ṣe àìsàn tí à ń fi oògùn wò. Ẹ̀kọ́, sùúrù àti ìrànlọ́wọ́ ni a fi ń tún ayé ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n wárápá jẹ́ àìsàn tí oògùn lè kápá lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, bí a bá kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, èyí tí a lè wò ni yóò pàdánù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní inú kì í bí ni kí á lé ọmọ ẹni fún ẹkùn pa jẹ. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò bínú sí ọmọ wọn rárá, ṣùgbọ́n àìmọ̀ lè ti ọmọ sọ́wọ́ ẹkùn gẹ́gẹ́ bí ìbínú ti lè ṣe.

A ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ lò. Lẹ́yìn èyí, a ó wo bí àìsàn méjèèjì ṣe ń pàdé, ìdí tí a kì í fi í tètè dá wárápá mọ̀ lára àwọn ènìyàn wọ̀nyí, irú ìtọ́jú tí ó wà, àti ojúṣe ilé-ẹ̀kọ́. Ìkádìí ni a ó fi ṣe àgbálọgbábọ̀ iṣẹ́ náà.

2.0 Àlàyé Àwọn Ọ̀rọ̀

2.1 Wárápá àti Gìrì

Inú ọpọlọ ni wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bẹ nínú ọpọlọ a máa fi agbára kan tí ó jọ ti iná mànàmáná bá ara wọn sọ̀rọ̀, níwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí olúkúlùkù sì ń dúró de àsìkò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ń tú agbára yìí jáde lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, ìkọlù dé nìyẹn. John Hughlings Jackson, oníṣègùn ará Ìlú Ọba, ni ó gbé àlàyé yìí kalẹ̀ ní 1873, nígbà tí ẹ̀rọ tí a lè fi rí i kò tíì sí. Ní 1929 ni Hans Berger ti ilẹ̀ Jámánì tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè lẹ wáyà mọ́ orí ènìyàn kí á sì rí iṣẹ́ iná ọpọlọ lórí bébà.

Ìkọlù ẹyọ kan kì í sọ ènìyàn di oníwárápá ní dandan. Gẹ́gẹ́ bí Ẹgbẹ́ Àgbáyé tí ń Gbógun ti Wárápá ti là á sílẹ̀ ní 2014, a lè sọ pé wárápá ń ṣe ènìyàn bí ìkọlù méjì bá ti wáyé tí wákàtí tí ó wà láàrin wọn sì ju 24 lọ, láìsí ibà, májèlé tàbí ohun mìíràn tí ó ṣokùnfà wọn lójú ẹsẹ̀. A sì lè sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù kan péré bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó dájú tó pé òmíràn ń bọ̀.

Nípa báyìí, gìrì yàtọ̀ sí wárápá, àwọn baba wa kò sì ṣi orúkọ náà sọ. Gìrì tí ibà máa ń fà sára ọmọdé láti oṣù 6 sí ọdún 5 kì í sábà yọrí sí wárápá, èyí tí kò bá sì pẹ́ kì í ba ọpọlọ jẹ́. Àmọ́, gìrì lè jẹ́ àmì pé ibà ti wọ ọpọlọ tàbí pé àìsàn yírùnyírùn ti wọlé, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí á fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Kókó kan wà nípa èdè tí a gbọ́dọ̀ tọ́ka sí níhìn-ín. Bí a bá pe wárápá, ohun tí ó ń wá sí ọkàn olùgbọ́ ni ẹni tí ó ṣubú lulẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yà kan ni èyí nínú ọ̀pọ̀. Ẹ̀yà mìíràn wà tí ènìyàn yóò kàn dákẹ́ lójijì, tí yóò tẹjú mọ́ ojú kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí yóò sì tún máa bá ohun tí ó ń ṣe lọ. Ẹ̀yà kan wà tí ọwọ́ kan ṣoṣo yóò máa jà, òmíràn sì wà tí ènìyàn yóò máa jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, tí yóò máa fa bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, tí kò sì ní gbọ́ bí a bá pè é. A ní orúkọ fún ìṣubú; a kò ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún ìyókù. Ohun tí kò ní orúkọ, ó ṣòro kí ojú tó rí i. Nítorí èyí, a dá a lábàá pé kí á máa pe gbogbo irú wọ̀nyí ní wárápá aláìṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni a ó sì ṣe máa lò ó láti ìhín lọ.

2.2 Àìpé Làákàyè

Orúkọ tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni dìndìnrìn. Orúkọ yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn nítorí èébú ni ó ti dà, àti nítorí pé ó ń pe ènìyàn lódindi ní àbùkù ara rẹ̀. Àìpé làákàyè ni a yàn láti lò. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pé jọ kí á tó lè lo orúkọ yìí. Èkíní ni pé kí òye àti ìrònú ènìyàn kéré gan-an sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi òṣùwọ̀n wọn ọgbọ́n orí, iye tí ó bá ń lọ sí nǹkan bí 70 sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lò. Èkejì ni pé kí ó ṣòro fún un láti dá ṣe àwọn ohun tí ọjọ́ orí rẹ̀ béèrè, bíi wíwọ aṣọ, níná owó tàbí bíbá ènìyàn lò pọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé. Nítorí náà, àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ rà nítorí ogbó kò sí nínú àwọn tí à ń sọ.

3.0 Bí Àìsàn Méjèèjì Ṣe Ń Pàdé

3.1 Iye Wọn

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìṣirò rẹ̀, nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni wárápá ń ṣe ní gbogbo àgbáyé, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún wọn sì ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́. Nínú 100 ènìyàn tí a bá kàn ṣà jọ, kò sábà ju ẹnì kan lọ tí wárápá yóò máa ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí J. Robertson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí jọ ní 2015, wọ́n rí i pé nínú 100 ènìyàn tí ó ní àìpé làákàyè, nǹkan bí 22 ni wárápá ń ṣe. Bí àìpé làákàyè bá ṣe le tó ni iye yìí ṣe ń pọ̀ sí i.

A ní àpẹẹrẹ nílé tí ó fi hàn pé iye àwọn oníwárápá kì í ṣe àyànmọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé ní ìlú méjì ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ní Ayétẹ̀, níbi tí wọ́n ti yẹ ènìyàn 903 wò, wárápá ń ṣe 37 nínú 1,000. Wọ́n gbé àbájáde yìí jáde ní 1982. Ní Ìgbò-Ọrà, tí kò jìnnà sí Ayétẹ̀, wọ́n yẹ ènìyàn 18,954 wò, èyí tí wọ́n sì rí níbẹ̀ jẹ́ 5.3 nínú 1,000, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ ní 1987. Ilẹ̀ kan náà ni, èdè kan náà ni, oúnjẹ kan náà sì ni. A gbọ́dọ̀ rántí pé àwọn tí a kà ní Ayétẹ̀ kéré, iye kékeré a sì máa ṣini lọ́nà. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí a kò lè fojú fò: láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera àwùjọ kalẹ̀ sí Ìbàràpá, Ìgbò-Ọrà ni ó sì jẹ́ ibùjókòó rẹ̀. Níbi tí ìtọ́jú aboyún, ìgbẹ̀bí, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn ibà bá wà nítòsí, àwọn ohun tí ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ yóò dín kù.

3.2 Ọ̀nà Mẹ́ta tí Wọ́n fi Ń Pàdé

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni pé kí ohun kan ṣoṣo fa méjèèjì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn ohun wọ̀nyí kò ṣàjèjì. Bí ìrọbí bá pẹ́ jù tí ọmọ kò sì tètè ké, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn gbé dé ọpọlọ. Bí ara ọmọ tuntun bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí a kò sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ohun tí ó ń mú ara rẹ̀ pọ́n lè wọ inú ọpọlọ kí ó sì ba ibẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà kan tí ó yẹ kí ó dáàbò bò ó. Bí a bá fi kánfọ̀ sínú aṣọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa túká, kí ara rẹ̀ sì pọ́n sí i. Ibà tí ó wọ ọpọlọ, àìsàn yírùnyírùn àti èéyi náà ń bẹ nínú ohun tí ó lè fi wárápá àti àìpé làákàyè sílẹ̀ lára ọmọ tí a ti bí ní pípé. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé láti inú oyún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní tuberous sclerosis, èyí tí Bourneville ti ilẹ̀ Faransé ṣàpèjúwe ní 1880. Koko a máa yọ sínú ọpọlọ àti sí ojú ara, wárápá sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ní in.

Ọ̀nà kejì ni pé kí wárápá fúnra rẹ̀ ṣe ìdíwọ́ fún ìdàgbàsókè làákàyè. Ìtàn William James West fi èyí hàn kedere. Oníṣègùn ni ní Ìlú Ọba. Ní 1841, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet nípa ọmọkùnrin òun fúnra rẹ̀, tí ó ti ń dàgbà dáadáa títí ó fi di nǹkan bí ọmọ oṣù mẹ́rin. Ìgbà náà ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ orí ba lemọ́lemọ́ bí ẹni tí ń kí ènìyàn. Bí ìtẹríba náà ti ń pọ̀ sí i ni òye rẹ̀ ń dín kù. Títí di òní, orúkọ West ni à ń fi pe irú wárápá ọmọ ọwọ́ yìí. A sì ti mọ̀ pé bí a bá tètè tọ́jú rẹ̀, ìrètí pọ̀ jù fún làákàyè ọmọ náà ju bí a bá jẹ́ kí ó pẹ́ lọ. Ìyá tí ó bá rí ọmọ rẹ̀ tí ń ṣẹ́ kóro síwájú lọ́pọ̀ ìgbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kò gbọdọ̀ ka èyí sí inú rírun tàbí eré.

Ọ̀nà kẹta kì í sábà wá sí ọkàn wa: òun ni pé kí oògùn wárápá mú kí ó dà bí ẹni pé òye ènìyàn kéré ju bí ó ti rí lọ. Phenobarbitone, tí Hauptmann kọ́kọ́ fi wo wárápá ní 1912, lè mú kí ọmọ máa tòògbé tàbí kí ara rẹ̀ má balẹ̀ rárá. Ẹni tí oògùn rẹ̀ pọ̀ jù lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Bí ọmọ náà bá lè sọ̀rọ̀, yóò sọ pé oògùn yìí ń ṣe mí báyìí báyìí. Èyí tí kò lè sọ ọ́, a ó rò pé ipò rẹ̀ ni ó ń burú sí i. Oògùn valproate náà ní ewu tirẹ̀: bí aboyún bá ń lò ó, nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá ni ó lè ní àbùkù ara, nǹkan bí mẹ́ta sí mẹ́rin nínú mẹ́wàá sì lè ní ìṣòro ìdàgbàsókè. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí ó bá ti ń tó ọjọ́ orí ìbímọ, kò yẹ kí a fún un ní oògùn yìí láìbá òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa.

4.0 Ìdí tí A Kì í fi í Tètè Dá a Mọ̀

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ẹnu aláìsàn ni oníṣègùn ti ń gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó fi ń mọ wárápá, tàbí ẹnu ẹni tí ó wà níbẹ̀. Aláìpé làákàyè kò lè sọ pé òórùn kan ṣàdédé gba imú òun, tàbí pé ojú òun ṣókùnkùn. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa tí yóò bá a lọ, kò sí ẹni tí yóò ròyìn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n T. Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954, ó ṣètò pé kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Àwọn aláìsàn ọpọlọ ni ó ṣe é fún, wárápá kì í sì í ṣe wèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu: ẹbí pẹ̀lú wà nínú ìtọ́jú.

Ìdí kejì ni pé àwọn ìṣesí kan wà tí ó jọ wárápá tí kì í ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí a máa mi ara wọn síwá sẹ́yìn, wọ́n a máa ju ọwọ́, wọ́n a sì máa tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀. Bí a bá pè wọ́n tàbí tí a fọwọ́ kàn wọ́n, tí wọ́n sì dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ wárápá. Bí a bá kà á sí wárápá, a ó máa fún ènìyàn ní oògùn tí kò wúlò fún un.

Ìdí kẹta ni òdì kejì èyí. Wárápá aláìṣubú wà tí a ń kà sí ìwà. A ó ní ọmọ náà ya olórí kunkun, kò gbọ́ràn, ọkàn rẹ̀ kò sí níbí. Lẹ́yìn ìkọlù, ẹlòmíràn lè dàrú fún ìgbà díẹ̀, kí ó máa ti ènìyàn dànù tàbí kí ó máa rìn kiri. Wọ́n sì ti na àwọn mìíràn nítorí èyí. Nípa báyìí, orúkọ àkọ́kọ́ tí a fún ọmọ náà ti bo àìsàn kejì mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ó yẹ kí á fi kún un pé àṣìṣe yìí ní ojú kejì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wárápá ń ṣe ni làákàyè wọn pé pérépéré. Síbẹ̀, a máa ń yọ wọ́n kúrò nílé-ìwé nítorí ìṣubú kan tàbí méjì. Nígbà tí wọ́n bá wá dàgbà láìmọ̀wé, a ó ní wárápá ti ba ọpọlọ wọn jẹ́. Àwa ni a gba ìwé lọ́wọ́ wọn.

5.0 Ìtọ́jú

5.1 Ohun tí Oògùn Lè Ṣe

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníwárápá ni ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ. Lára àwọn aláìpé làákàyè, iye yìí kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé bíbàjẹ́ tí ó wà nínú ọpọlọ wọn a máa jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n àǹfààní ṣì pọ̀. Ẹni tí ìkọlù rẹ̀ ń jẹ́ mẹ́wàá lóṣù tí ó wá dín kù sí ẹyọ kan ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣubú mẹ́sàn-án.

Oògùn wárápá kì í ṣe èyí tí à ń lò lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé nìkan. Ojoojúmọ́ ni. Bí a bá ṣàdédé dá a dúró nítorí pé owó tán tàbí pé ara ti yá, ìkọlù lè dé tẹ̀lé ara wọn láìdáwọ́ dúró, èyí sì lè gba ẹ̀mí. Nígbà tí ó bá tó ọdún méjì tí ìkọlù kò wáyé mọ́, oníṣègùn lè gbèrò àtidín oògùn kù díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ oníṣègùn ni èyí wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹbí.

5.2 Ohun tí Kò Yẹ ní Ṣíṣe

Ìfẹ́ ni ó ń mú kí àwọn òbí wa ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tí a fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, a kò sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Àgbo kan wà tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe fún ọmọ tí gìrì bá mú. Àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dí èémí lọ́wọ́. Ọmọ tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, gìrì mìíràn ni yóò tún mú un, ọpọlọ rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Báyìí ni ohun tí a fi wo gìrì lè fa àìpé làákàyè gan-an. Àwọn mìíràn a máa ti ẹsẹ̀ ọmọ sínú iná kí ó lè ta jí. Àpá rẹ̀ kì í kúrò. Síbí tí a bá fi há eyín a máa ká eyín, kì í sì í dá ìkọlù dúró. Itọ́ tí ń hó lẹ́nu oníwárápá kì í ran ènìyàn. Nítorí náà, kò sí ìdí tí a fi ní láti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, kò sì sí ìdí tí a fi ní láti sá fún un nígbà tí ó bá ṣubú sínú iná tàbí omi, nígbà tí ó nílò wa jù lọ.

5.3 Ohun tí ó Yẹ ní Ṣíṣe

Bí ìkọlù bá dé, kí á wo aago. Kí á gbé ohun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí á fi aṣọ tí ó rọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí á sì tú ohun tí ó bá fún un lọ́rùn. Kí a má dì í mú, kí a má sì ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí gbígbọ̀n bá rọlẹ̀, kí á dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí itọ́ lè rí ọ̀nà jáde, kí á sì dúró tì í títí iyè rẹ̀ yóò fi sọ. Bí ó bá ti ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tí òmíràn tẹ̀lé e kí ó tó jí, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Láàrin ìkọlù kan sí èkejì, iná, omi àti ibi gíga ni kí á ṣọ́. Àdògán tí a gbé ga nílẹ̀ sàn ju àrò orí ilẹ̀ lọ. Kò yẹ kí ó dá nìkan lọ wẹ̀ lódò. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé oníwárápá mìíràn a máa kú lójú oorun láìròtẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 àgbàlagbà oníwárápá ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí lọ́dún, ewu náà sì pọ̀ jù lára àwọn tí a kò kápá ìkọlù asubúlulẹ̀ wọn. Fún ìdí yìí, ìkọlù tí ó ń wá lóru kì í ṣe ohun tí a ń gbà bẹ́ẹ̀.

6.0 Ojúṣe Ilé-Ẹ̀kọ́

Olùkọ́ wà níbi tí ó ti lè rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, nítorí pé ó ń wo ọmọ kan náà fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́. Ìwé pélébé kan tó fún iṣẹ́ yìí. Kí olùkọ́ kọ ọjọ́ àti àsìkò tí ohun náà ṣẹlẹ̀, ohun tí ọmọ ń ṣe kí ó tó dé, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, bóyá ó dáhùn nígbà tí a pè é, bí ó ti pẹ́ tó, àti bí ó ti rí lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn òbí bá gbà, a lè fi fóònù yà á. Àwòrán ìṣẹ́jú kan lè sọ fún oníṣègùn ohun tí àlàyé wákàtí kan kò lè sọ. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, kí á kọ bí ó ṣe ń sùn, bí ó ṣe ń jẹun àti bí ó ṣe ń ṣeré, nítorí ìwọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Òfin kò ṣàì ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Òfin Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún Gbogbo Ènìyàn ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà títí dé ìparí ọdún kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré. Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn abirùn léèwọ̀, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019, sì fi ìjìyà sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ti àgbáyé, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fẹnu kò sórí ètò kan lórí wárápá àti àwọn àìsàn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára, láti 2022 sí 2031. Ṣùgbọ́n òfin kì í dá rìn lọ sí kíláàsì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sọ fún ìyá pé kí ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé títí wárápá rẹ̀ yóò fi lọ ti ti òfin náà sẹ́yìn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

7.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé wárápá àti àìpé làákàyè jẹ́ ohun méjì tí ó máa ń pàdé lára ẹnì kan, pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà pàdé, àti pé orúkọ ọ̀kan lè bo èkejì mọ́lẹ̀. A ti sọ ìdí tí wárápá aláìṣubú fi yẹ ní fífún lórúkọ. A sì ti rí i láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàràpá pé iye àwọn tí wárápá ń ṣe lè yàtọ̀ gidigidi láàrin ìlú méjì tí ó súnmọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni pé púpọ̀ nínú ohun tí ń fa àìsàn méjèèjì ní ilẹ̀ wa ni a lè dènà ní ibi ìgbẹ̀bí àti ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ládùúgbò.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí ó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ìyá kan ṣoṣo. Ó kan agbẹ̀bí, olùkọ́, oníṣègùn òyìnbó, babaláwo àti olórí ìjọ, nítorí pé ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn ni ọmọ náà ń kọjá. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan péré: nínú ohun tí ó ń ṣe ọmọ yìí, èwo ni a lè wò? Bí a bá ti rí ìdáhùn, kí á bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láti ibẹ̀.